Ìlú New Orleans Lẹ́yìn Òpópónà Bourbon

Nínú gbogbo ìlú Amẹ́ríkà, bóyá ni a lè rí èyí tí òkìkí àríyá rẹ̀ kàn tó ti New Orleans. Etí odò Mississippi ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, níbi tí odò ńlá náà ti ń sún mọ́ òkun. Bí a bá sì dárúkọ ìlú yìí fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, ohun tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni òpópónà Bourbon. Ibẹ̀ ni àwọn àlejò ń wọ́ lọ ní alaalẹ́, tí wọ́n ń gbé ife ọtí lọ́wọ́ rìn kiri ojú títì, nítorí pé òfin ìlú náà kò ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀.

Èmi náà kọ́kọ́ ṣe bí àlejò. Nígbà tí mo ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní New Orleans. Alẹ́ kan ṣoṣo ni a lò ní Bourbon tí ó fi sú wa. Orin tí ó ń jáde láti inú ilé kan ń bá ti ilé kejì jà. Òórùn ọtí àná sì ń bẹ lójú títì. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, ó ní, "Ṣé èyí náà ni a wọ bọ́ọ̀sì láti àná wá wò?" Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a bi obìnrin àgbàlagbà kan tí ó ń tún yàrá ṣe ní ilé tí a wọ̀ sí, níbo ni àwọn ará ìlú ti ń ṣeré. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí ẹ lọ lálẹ́ àná yẹn, ibi iṣẹ́ wa ni. A kì í ṣeré níbẹ̀. Ẹ rékọjá Rampart."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìyá yìí ti wà lọ́kàn mi, òun ni ó sì mú mi kọ àròkọ yìí. Òpópónà mẹ́ta péré ni ènìyàn yóò là kọjá láti Bourbon kí ó tó dé Rampart: Dauphine, lẹ́yìn náà Burgundy, kí Rampart ó tó kàn. Ẹni tí ara rẹ̀ le kò nílò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wà láàárín ibi méjèèjì jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn Faransé ni wọ́n tẹ New Orleans dó ní ọdún 1718, lábẹ́ Bienville. Ní 1721 ni ayàwòrán ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Adrien de Pauger fa ìlà àwọn òpópónà rẹ̀. Ó sọ ọ̀kan nínú wọn ní Bourbon, láti fi bọlá fún ìdílé ọba tí ó ń jọba ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé ọtí ni wọ́n fi sọ òpópónà náà lórúkọ. Ìran ọba ni. Iná jó ìlú náà ní 1788, ó sì run ilé tí ó ju 800 lọ. Ó tún jó o ní 1794. Àwọn Sípéènì ni ó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, nítorí náà púpọ̀ nínú àwọn ilé tí a ń fi han àlejò pé ti Faransé ni, ọwọ́ Sípéènì ni ó kọ́ wọn. Fún ìgbà pípẹ́, òpópónà tí àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ ń gbé ni Bourbon. Ilé orin opera àwọn Faransé wà níbẹ̀ láti 1859 títí iná fi jó o ní 1919. Lẹ́yìn èyí ni ilé ọtí àti ilé ijó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun sì ń gba ìlú náà kọjá lọ sí Ogun Àgbáyé Kejì, owó wọn ni ó sọ Bourbon di ohun tí a mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ènìyàn dúdú ń fọn fèrè níbẹ̀, wọ́n ń se oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ti 1964 ó tó dé, wọn kò lè jókòó kí a gbé ọtí fún wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìyá wa yẹn kì í fi í ṣe àwàdà lásán.

Ìtumọ̀ Rampart ni odi ìlú. Bí àwa bá ń gbé ibẹ̀, Ẹ̀yìn Odi ni à bá máa pe apá ibi tí mo ń sọ yìí. Lẹ́yìn odi yìí ni gbàgede kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Congo Square. Òfin tí àwọn Faransé ṣe fún àwọn ẹrú ní 1724 fún wọn ní ọjọ́ Ìsinmi láti fi simi. Àwọn ẹrú kò fi ọjọ́ náà sùn. Wọ́n ń fi í ta ẹ̀fọ́, ẹyin àti oúnjẹ, wọ́n sì ń fi í jó. Lábẹ́ ìjọba Sípéènì, ẹrú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè iye owó tí yóò fi ra ara rẹ̀ padà, nítorí náà owó díẹ̀díẹ̀ tí ìyá kan ń rí lórí igbá ọjà rẹ̀ lè di òmìnira fún un tàbí fún ọmọ rẹ̀. Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ ijó gbàgede yìí nìkan ń gbàgbé pé ọjà ni pẹ̀lú. Àwa tí a mọ bí ọjà àti ijó ṣe ń jọ gbé lójúde kan náà kò gbọdọ̀ gbàgbé e.

Ní 1817, ìgbìmọ̀ ìlú ṣe òfin pé ibi tí mẹ́yọ̀ bá yàn nìkan ni àwọn ẹrú ti lè péjọ jó ní ọjọ́ Ìsinmi. Gbàgede yìí ni ó wá di ibi náà. Ní 1819, Benjamin Latrobe, ayàwòrán ilé tí ó wá ṣe iṣẹ́ omi ẹ̀rọ fún ìlú, gbọ́ ariwo kan, ó sì tọ̀ ọ́ lọ. Ó bá ènìyàn tí ó fojú wò pé wọ́n tó 500 tàbí 600, tí wọ́n pín sí agbo agbo. Ó rí ìlù, ó rí ohun èlò olókùn tí a fi igbá ṣe, tí wọ́n gbẹ́ ère ènìyàn sí lórí. Ijó náà kò dùn mọ́ ọn rárá, ó sì kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Síbẹ̀ ó ya àwọn ohun èlò náà. Ibà apọ́njú pa á ní ìlú náà gan-an ní 1820. Àwòrán ẹni tí kò fẹ́ràn ìlù yìí ni ó wá di ọ̀kan nínú ẹ̀rí tí ó dára jù tí a ní nípa rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin olùkà wa yóò ti máa béèrè pé: níbo ni Yorùbá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìbéèrè tí ó yẹ ni, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Mo ti ka ìwé, mo sì ti gbọ́ àsọyé, tí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ rí agbo ijó kan, tí ó rí agboòrùn kan, tí ó sì parí rẹ̀ sí pé Yorùbá ni. Irú èyí kò bọlá fún wa. Jíjọra kì í ṣe bíbí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àkọsílẹ̀ wí. Ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́ tí ó kó ẹrú wá láti Áfíríkà sí Louisiana, Aurore àti Duc du Maine, dé ní 1719. Ouidah, ní etí òkun orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni wọ́n ti kó ènìyàn wọ̀ wọ́n. Ibùdókọ̀ tí wọ́n ti wọ ọkọ̀ kò sọ ìlú tí a ti bí wọn fún wa. Lẹ́yìn èyí, ìhà Senegal àti Gambia ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹrú ìgbà Faransé ti wá. Ní ìgbà Sípéènì, àwọn ará Kongo pọ̀, àwọn tí ó ti ìhà tiwa wá sì pọ̀ sí i. Gwendolyn Midlo Hall, òpìtàn ọmọ New Orleans, fi ọ̀pọ̀ ọdún tú ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé ogún ní Louisiana àti ní òkè òkun, títí ó fi kó ìtàn ẹrú tí ó lé ní 100,000 jọ. Orúkọ "Nago" wà nínú wọn, èyí tí í ṣe Ànàgó tiwa. Wọ́n wà níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ sẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó ti Bahia tàbí ti Havana, a kò sì gbọdọ̀ bù kún wọn.

Ọ̀nà kan tún wà tí Yorùbá fi lè wọ ìlú yìí, èmi sì rò pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí àwọn ẹrú Saint-Domingue, tí a ń pè ní Haiti nísinsìnyí, dìde sí àwọn olówó wọn ní 1791, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ sí Cuba. Ní 1809 ìjọba Sípéènì lé wọn kúrò ní Cuba nítorí ogun tí ó wà láàárín Sípéènì àti Faransé. Láàárín 1809 àti 1810, àwọn tí ó ju 9,000 nínú wọn gúnlẹ̀ sí New Orleans: òyìnbó, ènìyàn dúdú àti aláwọ̀ pupa tí ó ti gba òmìnira, àti ẹrú, ìdá mẹ́ta ni wọ́n, ìkọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní ọdún kan. Àwọn Nàgó sì pọ̀ ní Saint-Domingue ní ìparí ọ̀rúndún náà, débi pé títí di òní, orílé Nàgó wà nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Haiti, Ògún sì ni olórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ẹsẹ̀ Yorùbá ní New Orleans, ojú omi yìí ni kí ó gbà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dé wọ̀nyí fi ẹ̀yìn odi ṣe ibùgbé. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí í ṣe ti Claude Tremé. Ìlú ra á ní 1810, wọ́n sì gé e tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó ní òmìnira rà nínú rẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì fi ìwé ilẹ̀ sọ́wọ́. Báyìí ni Tremé ṣe di ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ènìyàn dúdú tí ó lọ́jọ́ lórí jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ilé ìjọsìn Àgùdà tí wọ́n ń pè ní St. Augustine, tí wọ́n ṣí ní 1842, wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, òyìnbó àti ènìyàn dúdú ń du ìjókòó rà fún ìdílé wọn. Àwọn ènìyàn dúdú rà ju òyìnbó lọ, wọ́n sì tún ra ti ẹ̀gbẹ́ ògiri kún un, wọ́n fi í fún àwọn ẹrú. Láti inú irú àwọn ènìyàn yìí ni ìwé ìròyìn Tribune ti jáde ní 1864, èyí tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. (Ọdún 1859 ni Ìwé Ìròyìn tiwa bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, bí kì í tilẹ̀ í ṣe ojoojúmọ́ ni ó ń jáde.) Láti inú wọn náà ni Homer Plessy ti wá, aránbàtà ará Tremé, tí ó jókòó ní kọ̀ọ̀sì òyìnbó nínú ọkọ̀ ojú irin ní ọjọ́ 7 oṣù Òkúdù 1892, kí wọ́n lè mú un, kí ẹjọ́ lè dé ilé ẹjọ́ gíga jù. Ó dé ibẹ̀ ní 1896; wọ́n dá a lẹ́bi. Gómìnà ìpínlẹ̀ náà fi oríjì rẹ̀ jì í ní 2022, nígbà tí ó ti wà nínú ibojì fún ọdún 96.

Bí a bá ń rìn ní Tremé, ohun tí ojú yóò kọ́kọ́ bá ni àwọn ilé tóóró tí wọ́n dojú kọ títì. Yàrá ń tẹ̀ lé yàrá bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, láìsí ọ̀ọ̀dẹ̀ láàárín, tí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn sì wà ní ìlà kan. Wọ́n ń pè é ní ilé ìbọn, nítorí wọ́n ní bí ènìyàn bá yìnbọn láti iwájú, ọta yóò gba ẹ̀yìn jáde láìkan ògiri. John Michael Vlach, onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1976 pé ilé yìí ti Haiti wá. Pé bí a bá sì tọpa rẹ̀ dé Áfíríkà, ilé oníyàrá méjì ti Yorùbá ni a ó bá, tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 20 ní gígùn. Ó wọn ilé, ó sì fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n. Àwọn mìíràn kò gbà á gbọ́: wọ́n ní ilẹ̀ tóóró ni ó bí ilé tóóró. Ní tèmi, mo rí i pé àlàyé ilẹ̀ tóóró kò tó, nítorí irú ilé yìí wà ní oko Haiti níbi tí ilẹ̀ kò ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Faransé àti ti àwọn ọmọ onílẹ̀ erékùṣù náà wà nínú rẹ̀, Vlach fúnra rẹ̀ sì wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe ilé náà ní ilé Yorùbá, kí ó rántí pé ó ní ìyá púpọ̀.

Oúnjẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ gumbo tí wọ́n fi ń yangàn, orúkọ tí àwọn ará Angola ń pe ilá ni. Nígbà kan, àwọn ìyá a máa kiri àkàrà ìrẹsì ní òwúrọ̀, wọ́n ń pè é ní calas. Àwọn onímọ̀ kan so orúkọ yìí mọ́ kárá ti èdè Nupe. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé Nupe àti Yorùbá pààlà kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ìrẹsì ni, kì í ṣe ẹ̀wà. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì ni gbogbo ìlú ń jẹ, nítorí ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ aṣọ fífọ̀, ẹ̀wà a sì máa hó lórí iná fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ìyá bá wà nínú ọṣẹ.

Mo wá dé ibi tí ìyá wa rán wa lọ. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nínú ọdún, ẹgbẹ́ kan a máa jáde. Ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ àti ìgbádùn ni wọ́n ń pe ara wọn, orúkọ náà sì bá iṣẹ́ wọn mu. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn adójútòfò kò gba ènìyàn dúdú tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí náà wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n ń fi san owó oníṣègùn fún aláìsàn, wọ́n sì ń fi sìnkú ẹni tí ó bá kú pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Young Men Olympian, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1884, ṣì wà lónìí. Bí ẹgbẹ́ bá ń lọ síbi ìsìnkú, orin ọ̀fọ̀ ni fèrè ń kọ, ẹsẹ̀ a sì máa wọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti dá òkú sílẹ̀ fún ilẹ̀, ìlù a yí padà, ijó a sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí a bá jáde lọ́jọ́ náà wọ aṣọ kan náà láti fìlà dé bàtà, àwọ̀ ewé pẹ̀lú òféfèé, wọ́n sì ń ju agboòrùn tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀rẹ́ mi dúró, ó ní, "Aṣọ ẹgbẹ́ rèé o!" N kò lè dá a lẹ́bi. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé pé jíjọra kì í ṣe bíbí ni ẹsẹ̀ mi ti ń jó kí n tó mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àti onífèrè ni ó wà níwájú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń tẹ̀ lé wọn ni wọ́n ń pè ní ìlà kejì, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni a fi rìn. Ní ilé ọtí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yà sí, ènìyàn ń tà ẹran sísun lẹ́yìn ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí a ti wá títí ìyá arúgbó kan fi rí ìlà ojú ọ̀rẹ́ mi, tí ó sì dì mọ́ ọn láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà tí a dé òpópónà Claiborne, ìlù náà bú jáde lọ́nà tí n kò gbọ́ rí. Abẹ́ afárá ọ̀nà ọkọ̀ ni a wà, kọnkéré rẹ̀ sì ń dá ohùn fèrè padà. Igi oak ńláńlá ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lábẹ́ wọn ni àwọn ìdílé ènìyàn dúdú ti ń jẹun ní ọjọ́ Mardi Gras, ilé ìtajà wọn sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ìjọba gé àwọn igi náà ní 1966 láti fi afárá gba ibẹ̀. Ọ̀nà kan náà irú rẹ̀ ni wọ́n pinnu láti là gba etí odò níwájú àdúgbò Faransé tí Bourbon wà. Àwọn ọlọ́lá jà, ìjọba àpapọ̀ sì fagi lé e ní 1969. Àríyá tí àlejò ń sanwó fún rí olùgbèjà. Tí ẹ̀yìn odi kò rí. Ní àkókò yẹn kan náà ni wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé ní Tremé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede Congo fún ilé àṣà. Ọgbà tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 1980 ni wọ́n fi orúkọ Louis Armstrong sọ, ọmọ ìlú náà tí kò fọn fèrè níbẹ̀ láti 1956 títí di 1965, nítorí òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí dúdú àti funfun jọ ṣeré lórí ìtàgé kan.

Ìjì Katrina kọlu ìlú náà ní ọjọ́ 29 oṣù Ògún 2005, omi sì bo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. Àdúgbò Faransé wà lórí ilẹ̀ gíga, kò rì. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọ́n ká dé Houston àti Atlanta. Bí wọ́n ti ń padà wá láti jó ní ọjọ́ Ìsinmi, ọlọ́pàá sọ owó ìwé àṣẹ di ìlọ́po lọ́nà tí wọn kò lè san. Wọ́n pe ẹjọ́ ní 2006, owó náà sì wálẹ̀ ní 2007. Ní ọdún yẹn kan náà ni ọlọ́pàá mú olórin méjì níbi tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ní Tremé, nítorí ẹnì kan tí ó fi ẹjọ́ ariwo sùn. Owó ilé ti lọ sókè níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìbọn ni wọ́n ti sọ di ibùwọ̀ fún àlejò ọlọ́jọ́ méjì mẹ́ta, irú èmi àti ọ̀rẹ́ mi.

Àwọn ará ìlú ti ya igi oak sára àwọn òpó afárá Claiborne, kí àwọn ọmọ wọn lè mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Lára òpó kan bẹ́ẹ̀ ni a fẹ̀yìn tì nígbà tí ẹgbẹ́ tú ká ní ìrọ̀lẹ́, tí onífèrè kan jókòó sórí àpótí ohun èlò rẹ̀, tí ó bọ́ bàtà, tí ó sì ń na ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi bi í bóyá yóò tún ṣiṣẹ́ lálẹ́ yẹn. Ó wo aago. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ní Bourbon, láti aago mẹ́sàn-án.